Owó Iṣẹ́ Aránṣọ

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ kan, Rana Plaza, lanu ní ìlú Savar, ní ilẹ̀ Bangladesh. Báǹkì àti àwọn ìsọ̀ ìsàlẹ̀ ilé náà ti ìlẹ̀kùn wọn. Ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ tí ó wà lókè, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, ni a pàṣẹ fún pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ilé wó, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100. Ọjà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni aṣọ wọn ń lọ.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́ Òṣìṣẹ́, èyí tí Póòpù Pius Kejìlá dá sílẹ̀ ní 1955, Póòpù Francis sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù wọn: yúrò 38. Iṣẹ́ ẹrú ni ó pè é.

Bangladesh jìnnà, télọ̀ àdúgbò wa kò jìnnà. Nínú ìsọ̀ ńlá, a ń san iye tí a kọ sára aṣọ òkèèrè láìjiyàn. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá dárúkọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, a ó ní, “Abẹ́rẹ́ àti òwú náà ni?” A tilẹ̀ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ tí kò mọ̀wé, àwa tí à ń sin Ẹni tí a tọ́ dàgbà nílé gbẹ́nàgbẹ́nà! Àpósítélì Jákọ́bù, ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀, kò fi owó alágbàṣe tí a dá dúró ṣeré rárá. Aṣọ ọdún Àjíǹde tí a kò tíì san owó rẹ̀ tán wà lọ́rùn ẹlòmíràn nínú wa lónìí, ẹni tí ó rán an sì lè jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn.