Ìsọlórúkọ Ohun Ìpamọ́ Eré Fídíò ní Èdè Yorùbá

1. Ìfáàrà

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti dábàá èdè-ìperí tí a lè fi dárúkọ oríṣiríṣi ohun tí a fi ń pa eré fídíò mọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe àkójọ irú eré bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ibi ìkówèésí, ìbáà ṣe olùfẹ́ eré lásán, a máa kọ orúkọ eré sílẹ̀, a sì máa kọ ọdún tí ó jáde, ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é, àti ohun tí eré náà wà nínú rẹ̀ nígbà tí a tà á. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní wàhálà púpọ̀ nínú. Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá lò níbẹ̀ ni yóò sọ fún olùtọ́jú bí yóò ti tọ́jú ohun náà. Òun náà ni yóò sọ fún ẹni tí ń rà á bóyá eré gan-an ni ó rà tàbí páálí òfìfo.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, inú ohun ìpamọ́ ni ilé tí a óò wò, kì í ṣe ara rẹ̀.

2. Ìrísí kò tó láti fi sọ ọ́ lórúkọ

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ẹni ni pé kí a wo bí a ti ń lo nǹkan náà. Bí a bá ń tì í bọ inú ẹ̀rọ, a lè pè é ní ‘àtìbọ̀’. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ìṣẹ̀dá rẹ̀ sì bá gírámà mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ àpẹẹrẹ mẹ́rin wò.

(i) Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ Magnavox gbé ẹ̀rọ eré tí ń jẹ́ Odyssey jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn káàdì kan wà tí a ń tì bọ inú rẹ̀. Kò sí eré kankan nínú àwọn káàdì yìí. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju pé kí wọ́n so àwọn ipa ọ̀nà iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tí ó ti wà nínú ẹ̀rọ pọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

(ii) Ní ọdún 1976, ilé iṣẹ́ Fairchild gbé Channel F jáde. Jerry Lawson, ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ṣe é. Nínú kátíríìjì tirẹ̀, ṣípù ìrántí wà tí a ti kọ eré sí. Ẹ̀rọ lè ka ohun tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan mìíràn lé e.

(iii) Ní ọdún 2004, Sony gbé PSP jáde ní ilẹ̀ Japan. Ohun ìpamọ́ tí a ń fi sí i, tí wọ́n pè ní UMD, wà nínú ike pẹlẹbẹ tí ó fi ara jọ kátíríìjì. Bẹ́ẹ̀ àwo kékeré tí ń yí, tí ìtànṣán lésà ń kà, ni ó wà nínú ike náà.

(iv) Ní ọdún 2025, Nintendo gbé Switch 2 jáde. Lára àwọn káàdì tí a ń tà fún un, irú kan wà tí odidi eré kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ tì í bọ ẹ̀rọ, yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ gba eré náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, a kò lè ṣe eré ọ̀hún láìjẹ́ pé káàdì wà nínú ẹ̀rọ. Kọ́kọ́rọ́ ni, kì í ṣe ilé.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ń tì bọ inú ẹ̀rọ. Bí ‘àtìbọ̀’ bá jẹ́ orúkọ wọn, a ti fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn kò bára mu rárá.

3. Ọ̀rọ̀ àyálò àti ewu rẹ̀

Àwọn kan lè sọ pé kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí ọ̀rọ̀ sì parí. A kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì tí ohùn wọn kò yàtọ̀, tí lẹ́tà ìparí nìkan yà sọ́tọ̀ nínú ìwé. Èyí tí ó fi ‘k’ parí ni a sábà máa ń lò fún àwo tí a fi òòfà kọ nǹkan sí. Èyí tí ó fi ‘c’ parí ni ti àwo tí a ń fi ìtànṣán kà. Bí a bá pe méjèèjì ní ‘díìsìkì’, ìyàtọ̀ yẹn ti sọnù. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè gbé àwo olóòfà sí ẹ̀gbẹ́ gbohùngbohùn ńlá tí òòfà wà nínú rẹ̀, kí eré inú rẹ̀ sì bàjẹ́ pátápátá.

Bákan náà ni ‘kásẹ́ẹ̀tì’. Létí Yorùbá, téèpù ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí, ìbáà jẹ́ ti orin, ìbáà jẹ́ ti fíìmù. Ó bá a mu fún eré ZX Spectrum, ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1982, nítorí pé orí téèpù ni a ti ń tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Japan, kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ènìyàn ń pe kátíríìjì onísípù tí Famicom ń lò láti ọdún 1983. Ògbufọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ láìwo ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí yóò kọ téèpù sí ibi tí téèpù kò sí.

4. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá

Fún orúkọ àpapọ̀, a kọ́kọ́ gbé ‘agbéré’ yẹ̀ wò, èyí tí a ṣẹ̀dá láti ara ‘gbé’ àti ‘eré’. A fi í sílẹ̀, nítorí pé níbi tí wọn kò bá ti fi àmì ohùn sí i, òǹkàwé yóò kà á sí ‘àgbèrè’. ‘Ìkóré’ pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ di ‘ìkórè’. Nítorí náà, ‘ohun ìpamọ́ eré’ ni a mú. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣini lọ́nà.

‘Àwo’ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń gbọ́ àwo orin, a kò sì nílò ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí ó kù ni kí a fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe yà á sí méjì. ‘Òòfà’ àti ‘ìtànṣán’ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti mọ̀.

Àwọn èdè-ìperí tí a dábàá nìyí:

(a) kátíríìjì: ike tí ṣípù ìrántí tí a kọ eré sí wà nínú rẹ̀. Bí bátìrì bá wà níbẹ̀ tí ń pa ibi tí òṣèré bá eré dé mọ́, kátíríìjì oníbátìrì ni.
(b) káàdì eré: ohun pẹlẹbẹ kékeré tí ṣípù eré wà nínú rẹ̀, bí irú ti Nintendo DS. A kò pè é ní ‘káàdì ìrántí’, nítorí pé ìyẹn jẹ́ ti ohun tí a ń fi ibi tí a bá eré dé pamọ́ sí.
(d) káàdì ìsopọ̀: irú ti Odyssey.
(e) káàdì kọ́kọ́rọ́: irú ti ọdún 2025 tí a sọ lókè.
(ẹ) téèpù olóòfà, tàbí kásẹ́ẹ̀tì.
(f) àwo olóòfà.
(g) àwo onítànṣán: CD, DVD àti irú wọn. Bí ó bá wà nínú ike bí UMD, a ó pè é ní àwo onítànṣán alákọ̀.
(gb) eré àgbàsílẹ̀: èyí tí a gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ohun kan lọ́wọ́. Kí a má ṣe pè é ní ‘eré orí íntánẹ́ẹ̀tì’, nítorí pé ìyẹn ni eré tí àwọn òṣèré tí wọ́n jìnnà síra ń jùmọ̀ ṣe.

5. Bí a ó ti lò wọ́n

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹni tí ń kọ àkọsílẹ̀ dáhùn: Kí ni eré wà nínú rẹ̀? Ẹyọ mélòó ni? Ṣé odidi eré ni ó wà níbẹ̀? Ẹ wo àpẹẹrẹ The Legend of Zelda:

Ẹ̀dà Japan, 1986: àwo olóòfà, ẹyọ 1, odidi eré.
Ẹ̀dà Amẹ́ríkà, 1987: kátíríìjì oníbátìrì, ẹyọ 1, odidi eré.

Eré kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀. Ti Japan ń bẹ̀rù òòfà. Ní àfikún, nígbà kan rí, àwọn ilé ìtajà ní ẹ̀rọ tí ó lè pa eré inú irú àwo bẹ́ẹ̀ rẹ́, kí ó sì kọ òmíràn sí i, fún 500 yen. Nítorí náà, orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ lè má jẹ́ ti eré tí ó wà nínú rẹ̀. Ó di dandan kí a fi í sínú ẹ̀rọ wò kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí bátìrì rẹ̀ bá kú, ibi tí òṣèré bá eré dé yóò parẹ́, eré fúnra rẹ̀ yóò sì wà síbẹ̀.

Ìbéèrè kejì pàtàkì fún irú Final Fantasy VII ti PlayStation, ọdún 1997, tí ó wà lórí àwo onítànṣán 3. Ẹni tí ó ní méjì kò ní odidi eré.

Ìbéèrè kẹta ni ó lágbára jù lónìí. Ẹni tí ó ní káàdì kọ́kọ́rọ́ lè tà á fún ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta káàdì eré. Ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ fún ẹni tí ó rà á dúró lórí pé ilé iṣẹ́ ṣì ń pín eré náà. Irú ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í sì í wà títí láé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Nintendo fòpin sí títa eré nínú èyí tí ó wà fún ẹ̀rọ 3DS àti Wii U. Àkọsílẹ̀ tí ó bá pe káàdì kọ́kọ́rọ́ ní ‘káàdì eré’ lásán yóò mú kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rò pé eré kan wà ní ìpamọ́ nígbà tí kò sí.

6. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìrísí, ọ̀nà ìlò, tàbí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó láti fi sọ ohun ìpamọ́ eré lórúkọ. Ohun tí a fi kọ eré sí i, àti bóyá eré náà wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, ni kí a gbé orúkọ kà. Bí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju tiwa lọ, kí wọ́n mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà pa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé àti kọ́kọ́rọ́ mọ́.