Ẹ̀yin Olùkọ́ Èdè, Ẹ Gbọ́ Ohun Tí Ọmọ Ń Wí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí NCE, tí wọ́n ti gbé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yorùbá lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú yín wá kí mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ yìí wù mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun èlò. Wọ́n ní ká máa lo ọgbọ́n àtinúdá. Kí la fẹ́ fi dá a?" Ìbéèrè gidi ni. Mi ò dá a lóhùn tán lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí pépà kan ṣoṣo. Ẹ ya ojú ewé kan nínú ìwé, ẹ fún ọmọ kan, kí ó gbé e síwájú ẹnu títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè rẹ̀. Ẹ ní kó pe "pépà" bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nílé. Ewé ìwé náà kò ní mì. Ẹ wá gbà á, kí ẹ fi ẹnu tiyín pe "paper" bí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. Èémí yóò gbé ewé náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbogbo kíláàsì ni yóò fẹ́ dán an wò. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn ọmọ ti fojú ara wọn rí i pé "p" tiwa, tí ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè méjèèjì jọ ń pè, kì í ṣe "p" tàwọn òyìnbó. Wọ́n sì ti mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹnu wọn wúwo. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò yín.

Ohun tí mò ń pè ní àtinúdá nìyẹn. Inú gbígbọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ká gbọ́ ohun tí ọmọ ń wí, ká sì bi ara wa léèrè ohun tó mú un wí i bẹ́ẹ̀.

Èmi náà kò tètè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ọmọ bá kọ "My sister, he is crying", íńkì pupa ni mo fi ń fa igi sí i. Bó bá tún un kọ bẹ́ẹ̀, ó di pankẹ́rẹ́. Odidi ọdún mẹ́rin ni mo fi na ọmọ ọlọ́mọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ẹ̀ṣẹ̀ kí ni wọ́n ṣẹ̀? Èdè ìyá wọn kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà wọ́n. "Ó" là ń pe àbúrò ọkùnrin, "ó" náà là ń pe àbúrò obìnrin. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé tilẹ̀ lè kọ "My mother, they sell yam", nítorí "wọ́n" ló fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ látàárọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ọmọ náà ni mò ń fa igi pupa sí, n kò mọ̀.

Olùkọ́bìnrin kan tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù ló là mí lójú. Ògiri kan ló wà láàárín kíláàsì tiwọn àti tèmi, mo sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín láti ọ̀hún. Lọ́jọ́ kan mo tọrọ àyè, mo lọ jókòó lẹ́yìn àwọn ọmọ. Fìlà kan àti gèlè kan ló wà lórí tábìlì. Ọmọ kan bọ́ síwájú, ó dé fìlà, ó ń ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀, àwọn yòókù pariwo pé "He is sweeping!" Ó ṣí fìlà, ó sáré wé gèlè, ó tún ń gbálẹ̀ lọ. "She is sweeping!" Bó ṣe ń pààrọ̀ wọn kíákíá ni wọ́n ń sáré tẹ̀lé e, ẹni tó bá ṣì í pè ni yóò bọ́ síwájú. Kò sí ẹgba níbẹ̀. Kí sáà tó parí, àwọn ọmọ tiwọn ti fi tèmi sílẹ̀ jìnnà. Mo lọ bá olùkọ́ náà lẹ́yìn ìgbà tí ilé-ìwé ṣíwọ́, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi."

Mo ti lọ sí sẹ́mínà tó pọ̀, wọ́n sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìjókòó ọjọ́ yẹn lẹ́yìn kíláàsì ẹlòmíì ló yí iṣẹ́ mi padà jù. Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti wo iṣẹ́ ẹnìkejì. Mo mọ àwọn tó ń da lesson note èsí kọ, tí wọ́n kàn ń yí déètì rẹ̀ padà. Ọ̀gá yóò fọwọ́ sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ èsí ti lọ, àwọn mìíràn ló jókòó níwájú yín.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fi hàn ní gbangba pé èdè ìyá ọmọ kì í dí i lọ́wọ́ láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni, olùkọ́ tó dìídì mọ̀ ọ́n kọ́ ló sì ń wọlé wá kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989. Ohun tó máa ń wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé kò sí ìwé tí wọn yóò lò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n wá ọ̀rọ̀, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì kọ́ olùkọ́ ní bí yóò ṣe lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Yorùbá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yín kọ́ nìyí. Láti 2018 ni òfin ti sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jókòó níwájú yín níbẹ̀, èdè àkọ́kúntẹni ni Yorùbá jẹ́ fún wọn, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ Adéwálé. Bí ẹ bá kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó lọ́jọ́ kìíní, ohun kan náà ni wọn yóò rí, pẹ̀lú àmì tí kò yé wọn. Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Bí onígángan bá wà ládùúgbò, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá lu ìlù fún ìdajì wákàtí. Ohùn nìkan ni ìlù ń pè, kò ní ètè, kò ní eyín. Ọmọ tó bá gbọ́ dò, re, mí lẹ́nu ìlù yóò mọ ohun tí àmì wà fún kó tó rí àmì. Bí kò bá sí onílù, ẹ fi imú kùn ún.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ má kọ máàkì sínú rẹ̀, àṣìṣe àwọn ọmọ nìkan ni kí ẹ máa kọ, bí wọ́n ṣe wí i gẹ́lẹ́. Ọmọ tó bá ní "I am hearing the smell of soup", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé gbígbọ́ là ń gbọ́ òórùn nílé wa. Nígbà tí ojú ewé àkọ́kọ́ bá kún, ẹ gbé e fún olùkọ́ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kà á kí ẹ tó kọ lesson note ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.