JÍJẸ́RÌÍ KRISTI LẸ́NU IṢẸ́ ÒÒJỌ́

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Aposteli 18:1-4, 24-26
Àkọ́sórí: Kolosse 4:6
Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ̀ pé ibi iṣẹ́ òun ni Olúwa ti kọ́kọ́ ń retí ẹ̀rí òun.

ÌFÁÁRÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo arábìnrin kan tí ń ta gààrí ní Mọ́níyà. Àlàájà kan tí ń ta èlùbọ́ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti jọ ń tajà. Bí Àlàájà bá lọ kírun, arábìnrin a máa bá a ta ọjà. Bí ọdún Kérésìmesì bá dé, a gbé oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí Jesu ṣe fún un rí. Ẹ̀rù ń bà á kí ọ̀rẹ́ wọn má baà dàrú. Ohun mìíràn sì tún dí i lẹ́nu: ó ti tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, Àlàájà sì mọ̀.

Ará, ṣé ọ̀ràn arábìnrin yìí kò jọ tiwa?

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Onígbàgbọ́ a máa gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ síbi gbogbo (ẹsẹ 1-2). Akuila àti Priskilla kò dìídì lọ sí Kọrinti. Klaudiu ni ó lé àwọn Júù kúrò ní Romu. Àwọn tọkọtaya yìí di àlejò ní ìlú onílùú, síbẹ̀ ilé wọn di ibi tí Paulu rí wọ̀ sí.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè wa. Ní 1853 ni T. J. Bowen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìjàyè, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé kan náà pẹ̀lú Mọ́níyà. Ní 1862 ogun Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ogun abẹ́lé tún ń jà ní Amẹ́ríkà láti 1861 títí di 1865, ìrànlọ́wọ́ láti ibẹ̀ sì dínkù. Joseph Harden, míṣọ́nnárì ní Èkó, kú ní 1864. Opó rẹ̀, Sarah Harden, ni kò jẹ́ kí ìwọ̀nba àwọn onígbàgbọ́ tí ó wà níbẹ̀ túká. Nígbà tí W. J. David dé ní 1875, iná náà kò tíì kú.

2. Iṣẹ́ ọwọ́ a máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rí (ẹsẹ 3-4). Iṣẹ́ àgọ́ pípa ni ó so Paulu àti àwọn tọkọtaya yìí pọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, Paulu a máa wàásù nínú sínágọ́gù, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ti ń mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ àlejò ń sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Bí ọlọ́kadà tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ bá sọ owó di ìlọ́po méjì nítorí pé àlejò kò mọ iye tí à ń san, kí ni àǹfààní ọ̀rọ̀ Bíbélì tí ó kọ sára ọ̀kadà rẹ̀?

Síbẹ̀, ìwà rere nìkan kò tó. Bí a kò bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ń wò wá lè rò pé ilé ire ni a ti jáde, kì yóò sì mọ Olùgbàlà tí ó yí wa padà.

3. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí a sọ ọ́ (ẹsẹ 24-26). Akuila àti Priskilla kò dójú ti Apollo láàrin àwùjọ. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣe àlàyé fún un. Ní ilé púpọ̀ ní ìhín, Mùsùlùmí àti Kristẹni jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. A kò rán wa láti bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ìwà tútù àti ọ̀wọ̀ ni I Peteru 3:15 bèèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìṣòro ọmọnìkejì wa kí a tó sọ tiwa.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌGBÉSÍ AYÉ WA

Kí ni kí arábìnrin wa ṣe? Kóńgò ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe. Kí ó ra òmíràn tí ó pé, gẹ́gẹ́ bí Sakeu ti tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe (Luku 19:8). Bí Àlàájà bá bi í pé, “Ìyá Títí, kí ló dé tí o fi pààrọ̀ kóńgò?” kí ó jẹ́wọ́ fún un láìfi bò, kí ó sì sọ ẹni tí ó bá a wí nínú ọkàn rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti ń wá ọ̀nà àtisọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjẹ́wọ́ ni yóò ṣí i.

Ó lè má sí ìyípadà kankan. Ọlọ́run ni ó ni ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí Àlàájà kò bá tilẹ̀ gbà, kí arábìnrin má ṣe dẹ́kun àtimáa bá a ta ọjà. Bí ó bá dẹ́kun, Àlàájà yóò mọ̀ pé ìdẹ lásán ni ìfẹ́ náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú kí ilé Akuila àti Priskilla wúlò fún Olúwa?
2. Kí ni “kóńgò” tí ń pa ẹ̀rí tiwa lẹ́nu mọ́ níbi iṣẹ́?
3. Ọ̀nà wo ni a lè gbà sọ ti Kristi fún mọ̀lẹ́bí wa tí ó ń ṣe ẹ̀sìn mìíràn láìsí ìjà?

IṢẸ́ FÚN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: Kọ orúkọ ẹnì kan tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sílẹ̀. Gbàdúrà fún un lójoojúmọ́. Tún ohun tí ó bàjẹ́ láàrin yín ṣe kí o tó la ẹnu.