Nígbà Tí Arìnrìn-Àjò Bá Di Ará Ìlú



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀dá, tí ó sì ní kí a máa rìn lórí rẹ̀, kí a máa jẹ nínú arísìkí Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí wà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí iṣẹ́ gbé lọ sí apá gúúsù Áfíríkà, àti àwọn tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba Nàìjíríà dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀, èyí tí ó ń rán olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì méjì ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti àwọn ibòmíràn. Láti ìgbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì ti kógbá sílé ní South Africa lọ́dún 1994, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti wá iṣẹ́ tiwọn lọ sí Johannesburg, Durban, Gaborone àti Windhoek.

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn: nígbà tí o bá débẹ̀, kí ni o jẹ́? Ṣé arìnrìn-àjò ni ọ́, tàbí ará ìlú? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dáhùn pé, "Àlejò ni mí, owó ni mo wá wá." Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń bí ìjàǹbá. Ẹni tí ó bá ka ara rẹ̀ sí àlejò fún ọdún mẹ́ta kò ní wá mọ́sálásí, kò ní mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀, yóò sì máa sọ lọ́kàn pé, "Bí mo bá padà délé, n ó tún ẹ̀sìn mi ṣe." Ta ni ó ṣèlérí fún un pé yóò padà délé?

KÍ NI ÒFIN ẸSÌN WÍ?

Ọlọ́hun fi àyè gba arìnrìn-àjò láti dín ìrun kù (Súrà An-Nisa', aya 101). Ṣùgbọ́n àyè yìí ní ààlà. Lọ́dọ̀ àwa tí a ń tẹ̀ lé ọ̀nà Imam Malik, ẹni tí ó bá ti pinnu láti gbé ibì kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, tí ogún ìrun yóò bọ́ sí i, kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́. Ìrun rẹ̀ di pípé, ààwẹ̀ rẹ̀ di dandan, ìrun Jímọ̀ sì di dandan fún ọkùnrin. Ọ̀nà Shafi'i náà sọ ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ tí ó wọlé àti ọjọ́ tí yóò jáde kò sì sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà Hanafi sọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí yóò lọ, tí ó ń sọ pé lónìí tàbí lọ́la, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọdún méjì, èwo nínú àwọn ọ̀nà yìí ni yóò pè é ní arìnrìn-àjò?

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará wa. Kí ó tó rí yàrá tí yóò máa gbé, kí ó tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, òfin Ọlọ́hun ti pè é ní ará ìlú. Ohun tí ó kù ni kí òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

GÁBÀSÌ KÒ SÍ NÍ ÌLÀ-OÒRÙN MỌ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ará ìlú mọ̀ ni ibi tí yóò kọjú sí. Láti Èkó tàbí Ìbàdàn, apá ìlà-oòrùn, tí ó fì díẹ̀ sí àríwá, ni a ń kọjú sí bí a bá ń kírun. Ọ̀rọ̀ náà "gábàsì" tí a gbà lọ́wọ́ Hausa, ìlà-oòrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Johannesburg, àríwá ni Mẹ́kà wà sí i, tí ó fì díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Durban àti Cape Town. Àwọn kan nínú wa kírun ọ̀sẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú ojú sí ìlà-oòrùn, nítorí pé ibi tí oòrùn ti ń yọ ni wọ́n mọ̀ láti kékeré.

Àmì kan nìyí. Ní Johannesburg, Durban àti Cape Town, oòrùn ọ̀sán kì í kọjá sí apá gúúsù láéláé. Àríwá ni ó máa ń wà. Nítorí náà, bí o bá dúró kírun Àìlà níta gbangba, iwájú rẹ ni oòrùn yóò wà, òjìji rẹ yóò sì bọ́ sí ẹ̀yìn. Ẹni tí ó gbìyànjú tí ó sì ṣì í, Ọlọ́hun Aláforíjì ni. Ẹni tí ó rí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò béèrè, ẹ̀bi tirẹ̀ ni.

ÀKÓKÒ ÌRUN ÀTI ÀKÓKÒ IṢẸ́

Nílé, ọ̀sán àti òru wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti January títí dé December. Níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù June sí August ni òtútù wọn. Ní June, oòrùn máa ń wọ̀ ní Johannesburg ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ní December, ó di nǹkan bí aago méje. Ní Cape Town, oòrùn December lè má wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tí ààwẹ̀ bá bá ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn Cape Town yóò gbà á ju ti ilé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo arábìnrin wa tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó wọṣẹ́ ní aago méje òwúrọ̀ tí ó sì jáde ní aago méje alẹ́. Lóṣù June, ìrun Àìlà, Alásárì àti Màgàríbì yóò bá a lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá sọ pé òun yóò kí Màgàríbì nílé, àkókò Ìsáì yóò ti wọlé kí ó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. Kí ni yóò ṣe? Kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sọ̀rọ̀ ìrun àti híjáàbù rẹ̀ fún ọ̀gá. Òfin iṣẹ́ South Africa ti ọdún 1997 fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi oúnjẹ lẹ́yìn wákàtí márùn-ún iṣẹ́ àṣepọ̀. Nínú ìsinmi yìí ni Àìlà yóò ti bọ́ sí i. Fún Alásárì àti Màgàríbì, kí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn: "Bá mi wo àwọn aláìsàn mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi náà yóò wo tìrẹ nígbà tí o bá fẹ́ jẹun." Kò gbọdọ̀ fi aláìsàn sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú kí ó sọ pé ìrun ni òun lọ kí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

MỌ́SÁLÁSÍ TÍ KÒ RÍ BÍI TIWA

Ní South Africa, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí ó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn ará Íńdíà ń tẹ̀ lé ọ̀nà Hanafi; ọ̀pọ̀ àwọn ti Cape Town ń tẹ̀ lé ọ̀nà Shafi'i. Àwọn Hanafi máa ń kí Alásárì pẹ́ ju tiwa lọ. Àwọn Shafi'i máa ń ṣe àdúà Kùnúùtì sókè nínú Àsùbá. Àwọn Mùsùlùmí onílẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí wọ́n ṣì ń kọ́ Fátíhà. Gbogbo wọn ni arákùnrin rẹ. Má ṣe sọ ara rẹ di adájọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ mọ̀ pé mọ́sálásí kan wà níbẹ̀ tí kò ní àyè fún obìnrin, èyí kò sì mọ́ ọ lára. Béèrè kí o tó lọ. Bí kò bá sí àyè ní èyí, wá èyí tí ó ní, nítorí ẹni tí ó bá ń dá nìkan gbé ẹ̀sìn rẹ̀ nílẹ̀ àjòjì, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kíákíá.

OÚNJẸ ÀTI ÌKÍNI

Oúnjẹ kò le. "Pap" tí wọ́n ń jẹ kì í ṣe ògì tí a ń mu. Túwó àgbàdo ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ bí àwa ti ń jẹ ọkà. Ọ̀rọ̀ ẹran ni kí o ṣọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fọwọ́ sí oúnjẹ haláàlù wà níbẹ̀. Muslim Judicial Council ti wà ní Cape Town láti ọdún 1945. Wo àmì lára ọjà. Bí wọ́n bá pè ọ́ síbi "braai", ìyẹn àpèjẹ ẹran sísun, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà lórí ààrò kan náà, ọtí kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Níbi tí ọtí bá ti ń lọ káàkiri, má ṣe jókòó. Kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí o sì pè wọ́n wá jẹun nílé rẹ lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn ènìyàn yìí fẹ́ràn ìkíni bí àwa Yorùbá. Zulu yóò sọ pé "Sawubona" fún ẹnìkan, "Sanibonani" fún ọ̀pọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, a rí ọ. Ní Botswana, "Dumela, rra" ni fún ọkùnrin, "Dumela, mma" fún obìnrin. Ẹni tí ó kọjá lára àgbàlagbà láìkí i níbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n yóò pè é, bí a ti ń pè é nílé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí ohun tí ojú ti rí. Lóṣù May 2008, wọ́n dojú ìjà kọ àwọn àjèjì ní South Africa. Ẹ̀mí tí ó lé ní 60 ló bọ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2015 àti 2019, débi pé wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ọmọ Nàìjíríà kan padà wálé ní 2019. A kò sọ pé ìkíni nìkan lè gba ènìyàn. Ẹni rere wà nínú àwọn tí ó kú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun pa wá láṣẹ oore fún aládùúgbò, èyí tí ó sún mọ́ni àti èyí tí ó jìnnà (Súrà An-Nisa', aya 36), kò sì sọ pé kí ó jẹ́ ọmọ ìlú wa nìkan. Fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń gbé ògiri kejì náà mọ orúkọ rẹ.

ÀDÉHÙN

Ọlọ́hun ní kí a mú àdéhùn ṣẹ (Súrà Al-Ma'ida, aya 1). Físà àdéhùn ni. Ìwé iṣẹ́ àdéhùn ni. Ẹni tí ó wọlé láti kọ́ ọmọ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di oníṣòwò oògùn olóró. Ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó nítorí ìwé ìgbélùú, tí ó fi tilé pamọ́ fún un, ti tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Àdéhùn ilé náà ńkọ́? Má ṣe sọ fún ìyá rẹ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa kí ó lè máa retí owó tí kò sí. Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.

ÀPẸẸRẸ MÉJÌ

Nígbà tí ìyà àwọn ará Mẹ́kà pọ̀, Ja'far ọmọ Abi Talib àti àwọn Sàhábà kan sá wá sí Áfíríkà tiwa yìí, sọ́dọ̀ Najashi ọba Abisínì, ní nǹkan bí ọdún 615. Ja'far kò padà sọ́dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) títí di ọdún keje Hijira. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, láàárín àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni ó ń gbé, pẹ̀lú òtítọ́ àti ìrun rẹ̀.

Èkejì ni Imam Abdullah tí wọ́n ń pè ní Tuan Guru, ọmọ erékùṣù Tidore. Lọ́dún 1780 ni àwọn Dutch kó o wá sí Cape, wọ́n sì tì í mọ́ Robben Island, erékùṣù tí wọ́n tún padà fi Nelson Mandela sí. Níbẹ̀ ni ó ti kọ odindi Àlùkùránì láti orí. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó dá ilé-kéwú sílẹ̀ lọ́dún 1793, àwọn ọmọ ẹrú sì ń kàwé níbẹ̀. Mọ́sálásí Auwal tí a kà sí àkọ́kọ́ ní South Africa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Dorp Street. Ó kú síbẹ̀ lọ́dún 1807. Ipá ni wọ́n fi mú ọkùnrin yìí wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Àlejò ni mí, ó di ìgbà tí mo bá padà délé," òun ni. Kò sọ ọ́.

Ànábì wa kọ́ wa pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun níbikíbi tí a bá wà. Ẹ̀yin ará wa, ilé làbọ̀ sinmi oko, a kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọdún tí o lò ní oko, inú ọjọ́ ayé rẹ ni ó ti jáde, a ó sì bi ọ́ nípa rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọjọ́ mélòó ni ènìyàn yóò pinnu láti gbé ibì kan kí ó tó máa kírun rẹ̀ pé?
2. Báwo ni o ṣe lè mọ gábàsì ní Johannesburg láìní ohun èlò kankan?
3. Kí ni ó yẹ kí arábìnrin tàbí arákùnrin wa bá ọ̀gá rẹ̀ sọ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́?
4. Ta ni aládùúgbò rẹ ní ibi tí o wà báyìí? Ṣé o mọ orúkọ rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lájò, kí Ó sọ iṣẹ́ wọn di haláàlù, kí Ó sì dá wọn padà sílé ní àlàáfíà. Àmín.