Ìmọ́lẹ̀ Tí Kì Í Jóná

Ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, ni àwọn ọmọ ìjọ kan ti tẹ ìlú Ayétòrò dó ní ọdún 1947. Àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Nígbà tí ó sì di ọdún 1953, iná mànàmáná tàn ní ìlú náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà. Okùn irin tín-ín-rín ni ó máa ń wà nínú gílóòbù ìgbà náà. Iná a mú un gbóná títí yóò fi tàn yòò. Ooru ni ó pọ̀ jù nínú agbára tí ó ń jẹ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní ọdún 1953 yìí kan náà, ní ìlú Nancy ní ilẹ̀ Faransé, André Bernanose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé aró kan ń tàn bí a bá fi iná mànàmáná kàn án. Ohun tí ó wà nínú èédú ni ìpìlẹ̀ aró náà, bí ó ti jẹ́ ìpìlẹ̀ epo àti igi. Ṣùgbọ́n epo kò lè mọ́lẹ̀ láìjóná. Aró yìí kò jóná rárá, bí tanátaná ni ó ń tàn. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára iná tí ó ń fẹ́ pọ̀ jù.

Ọdún 1987 ni ọ̀nà là. Ching Tang, ọmọ Hong Kong, àti Steven Van Slyke, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Rochester ní Amẹ́ríkà, to irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní ìpele méjì lé ara wọn, wọ́n sì fi gíláàsì àti irin há wọn mọ́ àárín. Àwọn ìpele náà fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ọ̀nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Iná ń ti ìhà méjèèjì wọlé, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ti ń yọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méje tó láti tàn án. Èyí ni Òyìnbó ń pè ní OLED. Ní ọdún 2007 ilé iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Japan fi í ṣe tẹlifíṣọ̀n tà. Lónìí ó wà lójú ọ̀pọ̀ fóònù. Ààmì kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Níbi tí àwòrán bá dúdú, iná ibẹ̀ a kú pátápátá.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ará Ayétòrò, tí òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilé wọn lọ, mọ irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ni a ṣe ń dí etí gíláàsì náà pinpin. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá rí ihò kékeré wọlé, ojú dúdú a yọ níbẹ̀, a sì máa gbòòrò lójoojúmọ́.