Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Bí A Ti Ń Parí Súwẹ́tà Kíróṣé

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ojú kékeré wò. A ó hun súwẹ́tà ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú iṣẹ́ á gún, àwọ̀ á bá ara mu, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a ó parí rẹ̀ ni a ó máa kánjú. A ó rán an pọ̀ wàràwàrà, a ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó parí. Ẹni tí a fún yóò dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní fi wọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí etí rẹ̀ ti ká sókè, apá kan sì gùn ju èkejì lọ.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a mọ irú òwú tí a fi hun ún. Wúùlù ni a ń pe gbogbo rẹ̀ ní ọjà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Akirílíìkì ni, ohun tí a fi kẹ́míkà ṣe, tí iná lè yọ́ bí ọ̀rá. Ẹ má ṣe sọ bébà tí ó wé mọ́ òwú nù. Ara rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí. Bí ó bá ti sọnù, ẹ gé òwú náà díẹ̀, ẹ gbé e sórí àwo irin, kí ẹ ṣáná sí i níbi tí kò sí ọmọdé. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tí ó jóná, eérú rẹ̀ á sì rún. Òwú tí a ká lóko á rùn bí ìwé tí ń jó. Akirílíìkì á yọ́, bí ó bá sì tutù tán, á di kókó líle.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí kò jìnnà. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, nínú ọyẹ́, ọmọ mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, mo sì ti hun súwẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè kan tán, ó kù kí n rán an pọ̀. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń lọ aṣọ kọ́tìnnì. Kò ju kí ènìyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ojú iṣẹ́ tí ó ti wú dáadáa ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, ó sì nà gbọọrọ. Mo fi omi tútù rẹ ẹ́, mo fi ọwọ́ fún un pọ̀, kò padà. Akirílíìkì tí iná bá ti pa kì í jí mọ́. Ṣọ́ọ̀lù ni a fi wé ọmọ náà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìn súwẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Mo máa ń gbé e fún ẹni tí mo bá ń kọ́ kí ó fọwọ́ kàn án.

Kí ni a ó wá ṣe? A ó tẹ́ ẹ sí ìwọ̀n, èyí tí ìwé àwọn òyìnbó ń pè ní blocking. Ó dára kí a ṣe é kí a tó rán an pọ̀, nígbà tí ẹ̀yìn, iwájú méjèèjì àti apá méjèèjì ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi tútù tàbí omi tí kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe bó o, ẹ má sì ṣe fún un. Bí irun àgùntàn bá rí omi gbígbóná àti bíbó, á súnkì, á ki bí ẹní. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e jáde, nítorí omi inú rẹ̀ lè fà á gùn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura, ẹ ká wọn pọ̀ bí ìgbà tí a ká ẹní, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí aṣọ ìnura lè fa omi náà mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura gbígbẹ sórí tìmùtìmù tàbí páálí tí a fi ọ̀rá bò, kí ẹ mú téèpù. Àyà ọmọ oṣù mẹ́fà máa ń tó íǹṣì 17. A ó fi íǹṣì 2 kún un kí ó lè mí, ó di 19. Nítorí náà ẹ̀yìn yóò jẹ́ íǹṣì 9½, iwájú kọ̀ọ̀kan á sì jẹ́ ìdajì ìyẹn, láìka etí bọ́tìnnì. Ẹ fi ọwọ́ fà á tàbí tì í díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ìwọ̀n mu. Ẹ gbé apá kan lé èkejì kí ẹ lè rí i pé wọ́n dọ́gba. Píìnì tí kò lè dípẹtà nìkan ni kí ẹ lò, nítorí àbàwọ́n ìpẹtà kì í bọ̀rọ̀ kúrò. Abẹ́ fáànù tàbí ibi ìbòòji ni kí ó ti gbẹ. Ẹ má ṣe fi kọ́ sórí okùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èjìká rẹ̀ á yọ ìwo. Nígbà òjò ó lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní sùúrù. Bí etí akirílíìkì bá ṣì ń ká sókè lẹ́yìn èyí, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tí ń yọ ooru omi dúró ní nǹkan bí íǹṣì kan lókè rẹ̀, kí ooru náà kàn án díẹ̀. Irin náà kò gbọ́dọ̀ fara kàn án láé.

Rírán kò le. Èjìká ni a ń kọ́ rán, lẹ́yìn rẹ̀ apá, kí a tó wá rán abẹ́ apá àti ẹ̀gbẹ́ papọ̀. Òwú kan náà ni kí ẹ fi rán an, ẹ má sì fà á le.

Ibi òwú ìparí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ fi tó íǹṣì 6 sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé e gba inú ojú iṣẹ́ lọ, kí ẹ tún dá a padà, kí ẹ tó gé èyí tí ó kù. Ẹ má ṣe ta á ní kókó nìkan, kókó á tú. Òwú tí ó bá sì ń mì dirodiro nínú apá súwẹ́tà lè wé mọ́ ìka ọmọ, kí ó dí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ọmọ á máa ké láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ń ṣe é. Bọ́tìnnì náà, òwú ìránṣọ tí ó yi ni kí ẹ fi rán an, kí ẹ fà á wò gidigidi, nítorí ẹnu ni ọmọ ń gbé ohun gbogbo lọ.

Kí ẹ tó dì í fún ìyá ọmọ, ẹ kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan pé: omi tútù, má fún un, má lọ̀ ọ́, ká a sínú àpótí, má ṣe fi kọ́. Ẹ wé òwú díẹ̀ àti bọ́tìnnì kan mọ́ inú ìwé náà, nítorí ọjọ́ tí ọ̀kan bá já.