Ohùn Tó Há Ju Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lọ

Bàbá ládàánì kan máa ń wá ra súìtì ọ̀fun lọ́wọ́ wa ní ilé oògùn. Ohùn wọn há, wọ́n ní ìrun pípè ìdájí ló fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tà á fún wọn kí á tó bi wọ́n léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní oṣù méjì! Ẹ̀bi wa ni, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. A ní kí wọ́n lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun.

Ìdí rèé tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò dẹ́kun pípín ni jẹjẹrẹ ọ̀fun fi ń bẹ̀rẹ̀. Kókó yìí kò lè tóbi ju nǹkan bíi mìlímítà kan sí méjì lọ bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa gbé oúnjẹ wá fún un. Dókítà Judah Folkman ní Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé èyí ní 1971, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Kókó náà á tú èròjà kan tó ń jẹ́ VEGF jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ ìtòsí á sì yọ ẹ̀ka tuntun lọ bá a. VEGF yìí kan náà ni ara fi ń wo ọgbẹ́ sàn. Ohun rere ni olè yìí jí lò. Àwọn iṣan tuntun náà wọ́, wọ́n sì ń jò, jẹjẹrẹ sì lè gba inú wọn lọ sí ibòmíràn.

Àwọn ọmọ ogun ara ńkọ́? Macrophage, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ìdọ̀tí mì, sábà máa ń yí padà sẹ́yìn ọ̀tá, òun náà á sì máa tú VEGF jáde. T-cell ni apànìyàn gan-an fún sẹ́ẹ̀lì búburú, ṣùgbọ́n ó ní bíréèkì kan, PD-1, tí jẹjẹrẹ mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tasuku Honjo ará Japan àti James Allison ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 lórí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀. Láti 2016 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí nivolumab àti pembrolizumab, tó ń tú bíréèkì náà, fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn tó ti le. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún, owó rẹ̀ sì wúwo púpọ̀.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lára tán-án-ná, ibi tí ohùn ti ń jáde, máa ń tètè mú ohùn há. Bí a bá tètè rí i, ìtànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré sábà máa ń wò ó sàn. Ohùn tó há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kókó lọ́rùn, ìrora bí a bá ń gbé nǹkan mì, itọ́ ẹlẹ́jẹ̀: ẹ má fi antibayótíìkì dán an wò. Sìgá àti ọtí ló ń fà á jù, pàápàá tí méjèèjì bá pàdé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń sọ pé ṣíṣà kì í ṣe sìgá, tábà kan náà mà ni.

Dókítà fi kámẹ́rà tín-ínrín gba imú wo ọ̀fun bàbá wa. Wíwú lásán ni, lílo ohùn jù ló fà á, al-hamdulillāh. Wọ́n ní kí wọ́n sinmi, ọmọ wọn ló ń pe ìrun báyìí. Àwa náà ti kọ “Láti ìgbà wo?” sí ara tábìlì tí a ti ń ta oògùn.